Pùròpẹ́là bóòtì mi ti pọ́n bíi bàbà: ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ẹnìkan tó ń gbé ní Portsmouth nílùú Ọba ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Èmi àtìyàwó mi ra bóòtì onígbòkun àlòkù kan lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 28 ni, ẹ́ńjìnnì dísù ló wà nínú ẹ̀, ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí pùròpẹ́là, gba ìdí ọkọ̀ jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí ilẹ̀ fún wa, bánákù, ẹ̀dá omi oníkarawun, ti bo pùròpẹ́là ẹ̀ (abẹ́ tó ń yí lábẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ) pátápátá, nígbà tí mo há a tán mo wá rí i pé ó ti pupa rúsúrúsú bíi bàbà dípò kó máa dán bíi wúrà. Síǹkì tí mo so mọ́ ṣáàfù lóṣù karùn-ún, kí omi iyọ̀ lè máa jẹ òun dípò pùròpẹ́là, ò sí níbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e jáde lómi ó ti ń gbọ̀n tí mo bá tẹná sí i. Ẹni tó ń ta ẹrù ọkọ̀ létí omi níbí ní kí n ra pùròpẹ́là tuntun, èyí tí abẹ́ ẹ̀ ń ká pọ̀, ará ẹgbẹ́ wa kan ní kí n má wulẹ̀ náwó, kí n ṣáà so síǹkì méjì. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?”

Ọ̀gá mi, ẹ kú oríire bóòtì o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kó owó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ dì pọ̀ mọ́ra: bánákù lọ́tọ̀, pípọ́n tí irin yẹn pọ́n lọ́tọ̀, gbígbọ̀n náà lọ́tọ̀. Lóòótọ́ gbogbo ẹ̀ pàdé lára pùròpẹ́là kan ṣoṣo àmọ́ ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan ò jọra, tẹ́ ẹ bá wá ra tuntun láìmọ ohun tó jẹ ti tẹ́lẹ̀, ohun yẹn ṣì wà níbẹ̀, á jẹ tuntun náà. Yáàdì ọkọ̀ ni mo ti ń jẹun látọjọ́ tó ti pẹ́, mo sì ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé pùròpẹ́là olówó ńlá wọ̀ tó jẹ́ wáyà kan péré ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká fi bánákù bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarawun funfun yẹn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan ọwọ́ lásán ò tú wọn. Èèyàn máa ń bi mí pé ṣebí bàbà ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ìdí ọkọ̀ kí nǹkan má baà hù síbẹ̀, báwo ló ṣe wá ń hù sára pùròpẹ́là tí bàbà kún inú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1761 ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi awẹ́ bàbà bo ìdí ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ HMS Alarm, kòkòrò tó ń jẹ igi ò rí ọ̀nà wọlé mọ́, koríko omi náà ò hù, àmọ́ àwọn ìṣó onírin tó di bàbà yẹn mú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ torí bàbà àti irin ò lè fara kanra nínú omi iyọ̀ kí ọ̀kan má ba ìkejì jẹ́. Nígbà tó di 1824 Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n mọ̀ dáadáa nígbà náà, dá a lábàá pé kí wọ́n so síǹkì tàbí irin mọ́ bàbà yẹn kí omi máa jẹ ìyẹn kó fi bàbà lọ́rùn sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bàbà ò jẹ mọ́, àfi bí koríko àti bánákù ṣe wá bo gbogbo ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ ò lè rìn dáadáa mọ́, ni wọ́n bá pa á tì. Bàbà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi yẹn gan-an ni májèlé tó ń lé wọn, tí síǹkì bá wá ní kó má yọ́ mọ́, kò sóhun tó ń lé wọn nìyẹn.

Torí náà bánákù tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe àmì pé pùròpẹ́là yín bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí síǹkì yín ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bí iṣẹ́ láàárín ìgbà ooru ni wọ́n wọlé wá jókòó. Ohun tó tún ń pè wọ́n ni kí bóòtì máa dúró sójú kan. Láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá ni omi Solent, ìyẹn omi tó wà láàárín Portsmouth àti erékùṣù Isle of Wight, máa ń gbé wọn káàkiri, tí bóòtì bá dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin láìṣí níbẹ̀, wọ́n á ti rí ilé. Ẹni tó ń lo tiẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Kò sì ní láti nípọn kó tó dààmú yín o, tó bá ti bo ojú bíléèdì, ìyẹn abẹ́ pùròpẹ́là, tín-ínrín báyìí, pùròpẹ́là ò ní lè gbá omi mú mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣe làálàá, kò ní lè dé òkè eré tí ìwé ẹ̀ sọ pó yẹ kó dé, èéfín dúdú á máa jáde lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn á wá lọ máa tú ẹ́ńjìnnì nígbà tó jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ ni pé kẹ́ ẹ fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike líle há ìkarawun yẹn kúrò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi kànrìnkàn líle aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò àti omi gbo ó, tó bá kù síbẹ̀ kẹ́ ẹ lo sándípépà tó kúnná tó sì gba omi. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìlọrin tó ń yí sí i o. Ó ń yá lóòótọ́ ó sì ń dán, àmọ́ irin gan-an ló ń gé kúrò, tó bá gé ti apá kan ju ti ìkejì lọ ẹ ti fọwọ́ ara yín ra gbígbọ̀n tuntun nìyẹn. Àwọn kan máa ń da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ bíríkì sí i kí ìdí bánákù tó kù lè yọ́, ó sì ń yọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ fún pùròpẹ́là tó ti pọ́n bíi tiyín mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, irin yẹn ti rí ìyà tó.

Ó wá kan pípọ́n yẹn, òun gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là bóòtì kéékèèké ni wọ́n fi irin tí wọ́n ń pè ní manganese bronze ṣe, kí orúkọ yẹn má tàn yín jẹ, idẹ lásán ni, bàbà ẹ̀ sún mọ́ 60 nínú 100, síǹkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Tí kò bá sí nǹkan mìíràn tí omi òkun máa jẹ, síǹkì tó wà nínú idẹ yẹn ló máa ń fà yọ díẹ̀díẹ̀, á wá ku bàbà nìkan níbẹ̀, ìyẹn ni pupa tẹ́ ẹ rí. Pùròpẹ́là á ṣì gba bó ṣe rí, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n fífẹ̀ ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ inú ẹ̀ ti di hóróhóró, agbára ẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ tó bá wá pàdé igi kan tó léfòó lójú omi, tàbí tẹ́ ẹ kàn tẹ rífáàsì lójijì kẹ́ ẹ má baà kọlu èèyàn, bíléèdì kan lè ṣẹ́ kúrò. Etí bíléèdì àti ṣóńṣó ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú torí ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo pupa ló dé ìsàlẹ̀. Mo rí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, fọ́tò ò lè sọ bó ṣe jìn tó fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀ lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹ̀yìn igi hámà kan bíléèdì kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí i, idẹ tó yè máa ń dún gooro bí agogo, èyí tó ti kú inú ẹ̀ á dún kù bí ìgbà tèèyàn kan páálí. Lẹ́yìn náà ẹ mú fáìlì tí wọ́n fi ń há irin, ẹ há ibì kékeré kan létí bíléèdì. Tí àwọ̀ wúrà bá yọ kíá lábẹ́ pupa yẹn, òkè ara ló ti mú, tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ ó ṣì máa sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tẹ́ ẹ bá há há tó ṣì ń pọ́n, tàbí tí etí yẹn ń rún sílẹ̀, pùròpẹ́là yẹn ti parí iṣẹ́ ẹ̀, ẹ má gbé e padà sómi. Tó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún pùròpẹ́là ṣe, wọ́n láwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo bóyá ó ti sán níbì kan.

Síǹkì yín wá ńkọ́? Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kú kí pùròpẹ́là má kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ó, ẹni tó bá sì rí i pé síǹkì òun ò jẹ rárá lẹ́yìn ọdún kan ló yẹ kó ṣàníyàn torí ó lè jẹ́ pé kò fara kan ṣáàfù dáadáa tàbí kí ẹnìkan ti fi ọ̀dà kùn ún. Tó bá ti jẹ dé ìdajì ó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tiyín tó wá tán pátá láàárín oṣù karùn-ún sígbà tẹ́ ẹ gbé e jáde, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn: ṣé ẹ rí ìyókù ẹ̀, ṣé ṣúkù kékeré ṣì kù lábẹ́ ìdè ẹ̀, àbí ibẹ̀ mọ́ fóò? Torí àwọn síǹkì tó ń há ṣáàfù lọ́rùn yẹn, bí omi ṣe ń jẹ wọ́n ni ìdè wọn ń tú, wọ́n sì máa ń já bọ́ sísàlẹ̀ omi ní odindi. Tó bá jẹ́ pé ó já bọ́ ni, kò sí nǹkan mìíràn tó ń jẹ ẹ́, ẹ so tuntun kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sándípépà fọ ṣáàfù títí á fi dán níbi tó máa jókòó sí, kẹ́ ẹ fi hámà kékeré gbá a yíká kó jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ wá tún ìdè ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti apá irin tó di ṣáàfù mú lábẹ́ ọkọ̀ o, bẹ́rìn onírọ́bà wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé omi ló ń lò bí òróró, tẹ́ ẹ bá dí i lẹ́nu á gbóná á jẹ.

Tó bá jẹ́ pé ó jẹ tán lóòótọ́, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ wo wáyà iná tẹ́ ẹ fi ń fa iná láti orí ilẹ̀ sínú bóòtì nínú màrínà, ìyẹn ibùdó tí wọ́n ń so bóòtì sí. Ṣé ẹ máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ ilé kí bátìrì lè máa kún? Wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sílẹ̀, tó wà nínú okùn iná yẹn so yín pọ̀ mọ́ gbogbo bóòtì tó fa iná létí omi yẹn, àtèyí tó ní síǹkì àtèyí tí ẹni tó ni ín ò so síǹkì mọ́ láti ọdún mélòó kan. Síǹkì yín á wá máa bọ́ gbogbo àdúgbò. Tẹ́ ẹ bá so méjì bí ará ẹgbẹ́ yín ṣe wí, ẹ kàn ń dá oúnjẹ kún oúnjẹ fún wọn ni, á pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tán, ìyẹn nìkan náà ni. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní galvanic isolator, orí wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa ń wà, kì í jẹ́ kí iná kékeré tó ń jẹ irin kọjá, àmọ́ tí iná ńlá bá ṣèèṣì ya sára ọkọ̀ á jẹ́ kó kọjá sílẹ̀ kó má baà pa èèyàn. Owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti pùròpẹ́là tó ń ká. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn gé wáyà ẹ́ẹ̀tì dànù o, ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí wáyà yẹn. Tówó ò bá sí báyìí, ẹ yọ okùn iná kúrò nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Ọ̀kan tún wà tó burú jùyẹn lọ, ìyẹn kí iná bátìrì tiyín fúnra ẹ̀ máa jò sínú omi, bí àpẹẹrẹ wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi inú ọkọ̀ dànù tí ara ẹ̀ ti bó tó wá wà nínú omi dídọ̀tí nísàlẹ̀. Ìyẹn kì í dúró dọdún, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló lè jẹ síǹkì tán kó sì bọ́ sórí pùròpẹ́là àti ṣáàfù. Ẹ wo gbogbo wáyà tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sókè kúrò níbi tí omi lè dé, tẹ́ ẹ bá sì fi mítà wọn iná tó ń jò tó rú yín lójú ẹ pe ẹni tó mọ iná ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe iná ilé.

Kí n tó kúrò lórí síǹkì, àwọn tó ń ka èyí láti Èkó tí wọ́n ní ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀ torí iyọ̀ inú ọ̀sà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an lásìkò òjò. Nínú omi tí iyọ̀ ẹ̀ kéré, nǹkan kan máa ń bo ara síǹkì tí ò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe ló dáa fún yín. Ti magnesium wà fún omi tí ò níyọ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá gbé e wọ òkun kò ní pẹ́ rárá tó máa tán.

Gbígbọ̀n yẹn ńkọ́, mo ní ìrètí pé bánákù ló fà á, torí wọn kì í hù dọ́gba, tó bá pọ̀ lórí bíléèdì kan ju ìkejì lọ gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa jó. Àmọ́ ẹ má fi ìrètí tèmi gbé e sómi. Nígbà tó ṣì wà lórí ilẹ̀ yìí, ẹ di ìdí ṣáàfù mú kẹ́ ẹ mì í sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Ó yẹ kó mì díẹ̀ kíún torí omi gbọ́dọ̀ ráyè kọjá nínú bẹ́rìn onírọ́bà yẹn, àmọ́ tó bá ń dún kò kò, tàbí tí àyè yẹn tó mílímítà kan ààbọ̀ lórí ṣáàfù tó nípọn mílímítà 25, ó ti tó pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ so igi kan mọ́ ibi tí ò lè yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pùròpẹ́là kí orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣóńṣó bíléèdì, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ yí i, gbogbo bíléèdì ló gbọ́dọ̀ kọjá níbi kan náà. Èyí tó bá jìnnà síbẹ̀ tàbí tó fẹ́ kan igi ti tẹ̀. Ẹ má gbé hámà láti tẹ̀ ẹ́ padà fúnra yín, pàápàá irin tó ti pọ́n, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ lórí pùròpẹ́là tó ń ká tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Mi ò ní bú u, nǹkan tó dáa ni. Tẹ́ ẹ bá ta ìgbòkun, bíléèdì ẹ̀ á ká pọ̀ sẹ́yìn kò ní máa fa ọkọ̀ yín sẹ́yìn bíi ti èyí tí ò ká, nígbà tí atẹ́gùn ò bá fi bẹ́ẹ̀ le ẹ lè rí tó ìdajì knot (òṣùwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi) lórí eré yín, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bá wọn sáré ìje, tàbí tó ń sọdá lọ Cherbourg nílẹ̀ Faransé lóòrèkóòrè, á jẹ̀gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ó láwọn eyín kéékèèké àti píìnì tó ń jẹ, ó ní síǹkì tiẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀, tí bánákù bá sì wọ ibi tó ti ń ṣẹ́ po, bíléèdì kan á ṣí ìkejì ò ní ṣí, gbígbọ̀n ìyẹn ju èyí tẹ́ ẹ ń rí yìí lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ ní rífáàsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ wọ àyè tóóró nínú màrínà, rífáàsì lẹ nílò jù. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní feathering ń yí ẹ̀gbẹ́ bíléèdì ẹ̀ sí omi, rífáàsì ìyẹn dáa, àmọ́ ó gbówó lórí, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní gíríìsì lọ́dọọdún láìyẹ̀. Fún yín tó jẹ́ pé ẹ kàn ń gbádùn ara yín yíká Isle of Wight lópin ọ̀sẹ̀, tó bá jẹ́ pé ìró pùròpẹ́là yín ṣì gooro, ẹ gbé e padà. Tó bá ti kú, ẹ ra èyí tí ò ká tí wọ́n fi nickel aluminium bronze ṣe, kò sí síǹkì tó ṣe gúnmọ́ nínú ẹ̀ tí omi máa fà yọ. Kẹ́ ẹ tó rà á ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ti àtijọ́, ìyẹn fífẹ̀ ẹ̀, bó ṣe ń tì omi tó, àti apá ibi tó ń yí sí, kẹ́ ẹ má lọ ra èyí tó ń yí sódì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹ yọ píìnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ṣáàfù àmọ́ ẹ má yọ ọ́ tán, ẹ fi sílẹ̀ lórí ojú ìyí mélòó kan, torí tí pùròpẹ́là bá já lójijì agbára ló fi ń fò, nọ́ọ̀tì yẹn ló máa dá a dúró tí kò ní bọ́ lé yín lẹ́sẹ̀. Púlà, irinṣẹ́ tó ń fa pùròpẹ́là yọ, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ yá a nínú yáàdì, tó bá le ẹ da omi gbígbóná sí ìdí ẹ̀, ẹ má fi hámà gbá bíléèdì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ kọ́kọ́ tì í wọlé láìfi irin pẹlẹbẹ tó ń di òun àti ṣáàfù mú sí i, ẹ fàlà sí ibi tó dé, ẹ wá fi irin yẹn sí i kẹ́ ẹ tún un tì, ó gbọ́dọ̀ dé ojú àlà yẹn gan-an. Tí kò bá dé e, orí irin yẹn ló gùn, kò jókòó sára ṣáàfù, ó lè fọ́ ojú ìdí pùròpẹ́là lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì méjì ló ní, tín-ínrín ló ń kọ́kọ́ wọlé kí èyí tó nípọn tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é sódì, píìnì tuntun ni kẹ́ ẹ sì fi tì í.

Ọ̀dà tó ń dènà bánákù lára pùròpẹ́là pọ̀ lọ́jà, àwọn onísílíkónì bíi Propspeed ló ń ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi, yíyọ̀ ló ń yọ̀ tí bánákù ò fi lè dì í mú tí ẹ̀rọ bá ń yí, àmọ́ bóòtì tó bá ń dúró sójú kan fún oṣù méjì, òun náà ò lè gbà á sílẹ̀ tán. Lọ́dún yìí ẹ má kùn ún rárá, ẹ jẹ́ kó mọ́ kó sì dán, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lè máa rí àwọ̀ irin yẹn. Tó bá di oṣù keje, ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí òpó wà létí omi tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tì tí omi bá fà, omi Portsmouth máa ń lọ sókè sódò tó nǹkan bíi mítà 4 nígbà tó bá kún jù, á fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ gbẹ fún yín láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má wẹ̀ lọ sídìí pùròpẹ́là nínú màrínà o, iná tó bá jò sínú omi níbẹ̀ lè mú èèyàn, níbi yòówù tẹ́ ẹ bá sì ti fẹ́ wọ omi, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ fi sápò ara yín kọ́kọ́. Tí síǹkì bá ṣì ju ìdajì lọ lóṣù keje yẹn, tí ibi tẹ́ ẹ fi fáìlì há ò tún pọ́n mọ́, ẹ kàn há bánákù kúrò kẹ́ ẹ máa lọ sórí omi yín. Tó bá ti jẹ kọjá ìdajì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ yọ okùn iná kúrò lára bóòtì títí galvanic isolator á fi wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi ohun tẹ́ ẹ rí.